Irin Tó Wà Nítan Mọ́mì

Ẹ̀wù funfun dókítà wà lọ́wọ́ Gbádé, ó ká a lé apá bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Láti orí ìjókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni Ọmọ́ṣaléwá ti ń wò ó. Háà, ọmọkùnrin yìí dára lójú rẹ̀! Bó bá ti rẹ́rìn-ín báyìí, Ṣaléwá náà a bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ̀dí. Iṣẹ́ dókítà ni Gbádé ń kọ́ ní Ìdí-Àràbà, àwọn méjèèjì sì ti ṣe àdéhùn: Ṣaléwá yóò bá a níbẹ̀, wọn yóò di dókítà àti dókítà, wọn yóò ṣí ọsibítù tiwọn ní Surulere, ìfẹ́ lókè, aláìsàn nísàlẹ̀.

Àmọ́ lónìí, ẹ̀wù yẹn ń dẹ́rù bà á.

Àṣà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìtìrẹ́ ni pé lọ́jọ́ Ìsinmi àwọn ọ̀dọ́, gbogbo ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì á jáde síwájú. Ẹni tó ti wà nínú iṣẹ́ tí ọmọ náà yàn, tàbí tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́, ni yóò fi aṣọ iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́, Fíkà, àlùfáà ìjọ wọn, á sì gbàdúrà lé e lórí. Tí wọ́n bá ti wọ̀ ọ́ fún ọ, ó parí. Ojú wo lo fẹ́ fi wo ìjọ pé o ti yí i padà?

Nílé ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Mọ́mì, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yaba, ń wé gèlè lọ́wọ́ nígbà tí Ṣaléwá la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ ṣe dókítà mọ́. Ẹnjiníà ni mo fẹ́ ṣe, àwọn tó ń wádìí irin, pé kí ló ń jẹ́ kó le, kí ló ń jẹ́ kó kán. Torí pé..."

Gèlè dúró láàárín ọ̀nà. "Irin bíi ti alágbẹ̀dẹ?"

"Ẹnjiníà ni, Mọ́mì."

"Alágbẹ̀dẹ tó de táì ni! Áńgílíkà ni wá o, kò sẹ́ni tó ń bọ Ògún nílé wa. Àbí Gbádé ti kọ̀ ọ́ ni?"

"Gbádé gan-an ò tíì gbọ́."

"Kó má gbọ́ ọ. Gbé Bíbélì ẹ, ó yá."

Mọ́mì kì í ṣe ìkà. Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni kẹ̀kẹ́ Márúwá gbá a ní Òjúẹlẹ́gba, tí egungun itan rẹ̀ ṣẹ́. Dókítà fi irin so ó pọ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, irin náà kán sí méjì nínú ara rẹ̀, lórí àtẹ̀gùn ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ tí wọ́n fi òmíràn sí i, dókítà fi í hàn wọ́n. "Mà, egungun yín ò jẹ̀bi, ọwọ́ tèmi náà ò jẹ̀bi. Irin ló já wa kulẹ̀."

Ọjọ́ náà ni Mọ́mì pinnu pé dókítà lọmọ òun máa ṣe. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Ṣaléwá gbọ́, ibòmíràn ló gbé e lọ. Ta ló ṣe irin yìí? Kí ló dé tó fi kán? Ó tọrọ irin náà, ó ń fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, níbi tí ọmọge ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi fọ́tò olólùfẹ́ sí. Ó máa ń wo ojú ibi tó ti kán, tó rí hóró-hóró bí iyọ̀, títí oorun á fi gbé e lọ. Bí ìyẹn kì í bá ṣe ìfẹ́, kí ni ìfẹ́?

"Ọmọ́ṣaléwá!" Fíkà pè é.

Ó jáde. Irin náà wà nínú àpò kaba rẹ̀, ó tutù mọ́ ọn lọ́wọ́. Gbádé ti ń tú ẹ̀wù náà ká, ó ṣẹ́jú sí i. "Dókítà mi," ó rọra wí.

Bó bá na apá báyìí, Mọ́mì á yọ̀, Gbádé á jẹ́ tirẹ̀. Bó bá kọ̀, ó lè pàdánù àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò na apá.

"Ẹ má bínú, sà." Ó yíjú sí Fíkà, ó fa irin náà yọ nínú àpò. "Mi ò fẹ́ ẹ̀wù yìí. Irin tí dókítà máa fi sára ìyá ẹlòmíì, tí kò ní kán, òun ni mo fẹ́ máa ṣe. Ẹnjiníà ni mo fẹ́ jẹ́."

"Yéè! Ó ti já Gbádé!" ẹnì kan wí láàárín akọrin.

Fíkà tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Ó dáa. Ta ló wà nínú iṣẹ́ yìí níbí, kó wá wọ aṣọ fún un?"

Kò sẹ́ni tó dìde. Lọ́yà wà, báńkà wà, àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà Yaba kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ẹni irin, kò sí. Gbádé ń wo ilẹ̀. Omijé ti dé ìpéǹpéjú Ṣaléwá.

Kọ́, kọ́, kọ́. Ọ̀pá Mọ́mì ló ń dún bọ̀ láti ìjókòó àwọn ìyá. Ojú rẹ̀ le. Ṣaléwá di ojú, ó ń retí ìgbátí.

"Fíkà, èmi ni kí n wọ̀ ọ́ fún un."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Mà? Tíṣà ni yín."

"Irin kan ti kán nítan mi, òmíràn ló gbé mi rìn wá bá yín yìí. Nínú gbogbo ìjọ, ta ló mọ irin tó mi?"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Mọ́mì tú ìborùn rẹ̀, ó fi kọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́rùn, ó sì fi ẹnu sí i létí. "Kí ló dé tó ò sọ pé tìtorí ẹsẹ̀ mi ni?"

"Ẹ ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, Mà."

"Òótọ́ ni, ẹnu mi yá." Ó rí irin tó wà lọ́wọ́ Ṣaléwá. "Ọ̀tá mi rèé. Lọ bá mi ṣẹ́gun ẹ̀."

Fíkà gbàdúrà. Àmín ìjọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé!

Lẹ́yìn ìsìn, Gbádé dúró lábẹ́ igi fúrúùtù nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀wù funfun ṣì wà lápá rẹ̀.

"O dójú tì mí."

"Mo mọ̀. Má bínú sí mi."

Gbádé tún ẹ̀wù náà ká. "Dókítà tó ń to eegun ni mo fẹ́ dà. Mo kúkú ti ń rò ó pé ibo ni màá ti máa ra irin."

"Mi ò ní tà á fún ẹ láwìn o."

"Ọkọ ẹ náà ńkọ́?"

"Ọkọ ta ni?" Àmọ́ ó ti ń rẹ́rìn-ín láìmọ̀dí.

"Ẹnjiníà!" Mọ́mì ló ń ké láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbọ́. "Ẹnjiníà mi! Ṣé irin náà lẹ ń wádìí lábẹ́ igi yẹn?"

Ṣaléwá sáré lọ, ìborùn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.