Bẹ́ẹ̀dì Àbúrò Mi

Kò rùn. Rárá... kò rùn. Bóyá n kò súnmọ́ àbúrò mi tó ni. Mo súnmọ́ ọn. Mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ mú rándà tí a fi ń fá igi lẹ́yìn rẹ̀, mo sì fa èémí sínú. Ọṣẹ ìfọyín nìkan. Ọtí kankan kò sí níbẹ̀.

Ó yẹ kí inú mi dùn.

Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yìí, mo fi sáńpépà pa á lánàá, mo tún ń pa á lónìí. Àbúrò mi ló ni ín. Bàbá wa ló ní kí n kàn án. "Ọjọ́ tó o bá sọ fún mi pé ó ti jáwọ́ nínú ọtí ni yóò wọlé wá sùn. Ìwọ ni ojú mi." Ojú Bàbá kò ríran mọ́. Títí dìgbà náà, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yìí ni àbúrò mi ń sùn, lórí páálí, láàárín eruku igi.

Bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ. Ohun tí èèyàn bá gbìn... Èmi kò fẹnu kan ọtí rí. Mo ń gbààwẹ̀. Láràárọ̀ ni mò ń gbàdúrà fún un kó má ṣubú mọ́ — mo bá ṣe àmín, mo dìde, mo lọ gbóòórùn ẹnu rẹ̀.

Ó mọ̀. Lónìí ó yanu sílẹ̀ gbàgà bí ọmọ tí dókítà ń yẹ̀ wò. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbóòórùn rẹ̀ dáadáa. Tó bá rùn, àlùbọ́sà ni o. Ẹ má lọ fi ẹjọ́ àlùbọ́sà sun Bàbá." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá pè mí. "Àbúrò rẹ ńkọ́? Ṣé ó mọ́?"

"A ò tíì lè sọ, Bàámi."

Kì í ṣe irọ́. Àbí... Ìwé Mímọ́ náà ṣáà sọ pé kò sí olódodo, kò sí ẹyọ ẹnì kan. Mo máa ń ka ibẹ̀ sókè ní kíláàsì Bíbélì, ohùn mi kì í gbọ̀n. Ó jọ pé àwọn yòókù ni mò ń kà á fún.

Nígbà tí mo fa èémí tí mo bá ọṣẹ, nǹkan kan rẹ̀wẹ̀sì nínú mi. Bíi ti ẹni tó dẹ pàkúté tó bá a lófìfo. Kí ni mò ń retí? Àdúrà mi ní kó dúró, imú mi ń wá ibi tó ti ṣubú. Torí tó bá dúró... ta ni yóò tún máa pè mí ní ọmọ rere nínú ilé yẹn? Rere ju ta lọ?

Mo fọwọ́ pa ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń dán. Láti àná ló ti ń dán.

Ohun tó ń wọ ẹnu àbúrò mi ni mò ń ṣọ́. Èyí tó ti ẹnu mi jáde láàárọ̀ yìí, létí afọ́jú...

Òun ló rùn.

Sáńpépà ṣì wà lọ́wọ́ mi.