Òtútù Kò Mọ Ọmọ Ìyá

Ṣọ́ọ̀bù kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ tí wọn yóò ṣí ọ̀nà òkè ti kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo ẹni tó fẹ́ gòkè ló ń du jákẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni. Obìnrin kan di apá ọ̀tún mú, ọkùnrin kan di apá òsì mú, kò sẹ́ni tó fẹ́ yọ̀ǹda. Àárín ariwo yìí ni Abẹ́rẹ́, aránṣọ ibẹ̀, ti gbójú sókè nídìí síìpù tó ń rán, tí ojú òun àti ọkùnrin kan tí kò du ohunkóhun sì ṣe mẹ́rin. Ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó gbá àpò kékeré kan mọ́ àyà bí abiyamọ. Abẹ́rẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ níka.

Iṣẹ́ àtúnṣe jákẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, wọ́n tún fi ti ẹnu rẹ̀ tó mú kún un.

"Ẹ káàsán, Àǹtí," ọkùnrin náà sọ nígbà tí èrò dínkù. Káfíńtà ni, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà nínú irun rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọ èyí. Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ gòkè lọ́jọ́ Ajé."

Ó fa jákẹ́ẹ̀tì oníìyẹ́ aláwọ̀ ewé kan yọ. Jákẹ́ẹ̀tì náà kò wú. Ó rọ jọ̀wọ̀lọ̀ sórí tábìlì bí ewé tí oòrùn pa. Abẹ́rẹ́ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́: ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ inú rẹ̀ ti dì ní kókó-kókó.

"Ó ti pẹ́ tó báwo tó ti wà nínú àpò yìí?"

"Ọdún kẹta rèé. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín. Nígbà tó kú, ìyá wa ká a kéré sínú rẹ̀, ó tì í bọ ìsàlẹ̀ àpótí, ó to bùláńkẹ́ẹ̀tì lé e lórí kó má bàa bà jẹ́."

Abẹ́rẹ́ mí kanlẹ̀. Ìfẹ́ ló ba aṣọ náà jẹ́. Orí hángà ló yẹ kí wọ́n fi irú rẹ̀ kọ́, kó máa mí.

"Brọ̀dá, ẹ má bínú. Afẹ́fẹ́ tí ìyẹ́ ń gbà mọ́ra ló ń lé òtútù. Èyí ò rí afẹ́fẹ́ gbà mọ́. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn olówùú ọ̀hún yẹn, òwú àtọwọ́dá ni, kì í ṣe òwú oko. Bí omi tiẹ̀ rin wọ́n, wọ́n ṣì ń móoru. Ẹ mú èyí tó gba súwẹ́tà lábẹ́. Ẹ na ọwọ́ sókè, bí ìdí yín ò bá yọ síta, ó bá yín mu."

"Ti ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa wọ̀."

"Ta ló sọ fún yín pé òtútù mọ ọmọ ìyá?"

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Àìsàn ló pa á. Ọdọọdún ló máa ń sọ pé, 'Lọ́dún tó ń bọ̀, èmi pẹ̀lú ẹ, a máa dé ṣóńṣó òkè yẹn.' Mo fẹ́ kí aṣọ rẹ̀ débẹ̀."

Abẹ́rẹ́ gba jákẹ́ẹ̀tì.

Ó rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ olómi díẹ̀. Kò fún un. Ó ń rọra tẹ̀ ẹ́ ni, ó sì ń pààrọ̀ omi títí omi fi mọ́ gaara. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e jáde bí ọmọ tó sùn, nítorí ìyẹ́ tó mumi a máa ya inú aṣọ. Ó tì í sínú ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ lórí ooru díẹ̀, ó ju bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì sí i kó máa lu ìyẹ́ náà túká. Nígbàkúùgbà tó bá yọ ọ́, á fi ìka fọ́ kókó rẹ̀, á tún dá a padà.

"Abẹ́rẹ́," ọ̀gá rẹ̀ pè é, "ṣé jákẹ́ẹ̀tì lò ń tọ́jú ni, àbí ọkọ?"

"Iṣẹ́ niṣẹ́, Mà."

"Hùn-ún. Iṣẹ́ tó ń mú èèyàn rẹ́rìn-ín sí ògiri."

Nígbà tí káfíńtà dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, jákẹ́ẹ̀tì ti wú díẹ̀. Omi lé ròrò sójú ọkùnrin náà. "Ó ti jí!"

"Kò tíì jí tán. Ẹ wọ̀ ọ́, ká lọ."

Abẹ́rẹ́ mú un lọ dán aṣọ náà wò ní yàrá yìnyín Ìyá Ẹlẹ́ja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Òun fúnra rẹ̀ wọ olówùú kan. Ìyá Ẹlẹ́ja wò wọ́n lókè wò wọ́n nílẹ̀, ó ní, "Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, ẹ má fi ẹja mi ṣe ẹlẹ́rìí o!" Ó ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n dúró láàárín páálí ẹja, èémí wọn ń rú bí èéfín. Kò pẹ́ tí eyín ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé èjìká aṣọ náà, níbi tí ìyẹ́ ti kú pátápátá, ọkùnrin náà sì mọ ìgbóná ọwọ́ yẹn lára.

"Ẹ̀gbọ́n mi ò ní jẹ́ kí n wọ̀ ọ́," ó sọ níkẹyìn. "Á ní mo ya òmùgọ̀."

"Ẹ gbé e dání. Ẹ má kàn ká a há."

Ó ra olówùú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó yà lọ́dọ̀ Abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ó fún un ní àpò ìwé kan. "Lẹ́tà ni, ti ìyá mi. Bí n ò bá dé lọ́jọ́bọ̀, ẹ bá mi fún wọn. Ilé aláwọ̀ búlúù nídìí afárá."

Lẹ́tà mìíràn wà nínú àpò épúróònù Abẹ́rẹ́, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ, tó ti fà ya, tó ti tún kọ. Ó di í mú títí ọkùnrin náà fi yí kọ́nà.

Ọjọ́bọ̀ dé, yìnyín bo orí òkè. Káfíńtà kò dé. Ní ọjọ́ Ẹtì, Abẹ́rẹ́ bọ́ épúróònù, ó kó lẹ́tà méjèèjì dání, ó gba ọ̀nà afárá lọ. Ó gbọ́ tí ìyá arúgbó kan ń húkọ́ nínú ilé búlúù náà. Ó gbọ́wọ́ sókè láti kan ilẹ̀kùn.

"Àǹtí."

Ó yíjú padà. Ọkùnrin náà ń tiro bọ̀, ètè rẹ̀ bó, àpò wà lẹ́yìn rẹ̀, apá kan jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé náà sì yọ lẹ́nu àpò náà.

"Yìnyín ká wa mọ́ inú ahéré," ó ní. "Olówùú yẹn rin gbindin, ó ṣì móoru. Òun ló gbà mí."

"Ṣóńṣó òkè ńkọ́?"

Ó mi orí. Ó fọwọ́ kan apá jákẹ́ẹ̀tì náà. "Ó di ọdún tó ń bọ̀. Èmi pẹ̀lú ẹ̀."

Abẹ́rẹ́ dá lẹ́tà ìyá ọkùnrin náà padà fún un. "Ẹ dáná sun ún." Lẹ́yìn náà ó yọ ìkejì jáde.

"Ta ló ni èyí?"

"Ìwọ," Abẹ́rẹ́ dáhùn, ó sì fi lé e lọ́wọ́.