Ike Kẹfà

Bàbá àgbà tún ṣí fíríísà. Atẹ́gùn tútù fẹ́ lù ú lójú. Ó na ìka kan sínú ike àkọ́kọ́, ìka náà sì rì wọlé láìsí ìdíwọ́. Omi ṣì ni. Igi tó kì bọ àárín rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí oorun ń kùn. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ló ti kọjá láti ìgbà tó ṣí i kẹ́yìn.

Aago mẹ́rin ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá àgbà, ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọdébìnrin náà kò tíì gbà kí ẹsẹ̀ òun kan ilé yìí. Bí wọ́n bá dé ẹnu géètì, yóò di ìyá rẹ̀ mú nínú mọ́tò, yóò máa sunkún títí wọn yóò fi padà. Lánàá ni bàbá àgbà bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó sì ṣèlérí fún un pé yìnyín èso onígi yóò wà nílẹ̀, irú èyí tí ìyá àgbà máa ń ṣe ní àkókò ooru gan-an. Ọmọ náà béèrè bóyá lóòótọ́ ni. Bàbá àgbà ní lóòótọ́ ni. Ìyá ọmọ, tó jẹ́ ọmọbìnrin bàbá àgbà, gba fóònù, ó ní àwọn yóò tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n bó bá tún sunkún, òun kò ní fipá mú un wá mọ́.

Ó lé ní ogójì ọdún tí bàbá àgbà fi ń tún aago ṣe, Bàbá Aláago sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà náà, bí oníbàárà bá dúró lé e lórí, tó ń béèrè bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́, yóò ní kó máa lọ sílé, kó padà wá lọ́la. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ìdí rẹ̀ kò gbélẹ̀. Bó bá jókòó sí pálọ̀, yóò rántí pé fèrèsé yàrá ṣí sílẹ̀. Bó bá dé yàrá, yóò gbàgbé ohun tó wá ṣe, yóò sì lọ wo géètì. Orí ìdúró ló ti ń jẹun. Àga méjèèjì tó wà nídìí tábìlì ilé ìdáná, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni ti jókòó lé láti ìgbà náà.

Láti àárọ̀ ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó bó máńgòrò mẹ́rin, omi rẹ̀ ṣàn dé ìgúnpá rẹ̀. Ó gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ó lọ̀ wọ́n pọ̀, ó sẹ́ ẹ. Ó tọ́ ọ wò, ó da ṣúgà sí i. Ó tún tọ́ ọ wò, ó tún da ṣúgà sí i, nítorí ẹ̀rù ń bà á kí ọmọ náà má sọ pé kò dùn tó ti ìyá àgbà. Nígbà tó wá kó ike ìyàwó rẹ̀ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, márùn-ún ló bá níbẹ̀. Mẹ́fà ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó ń kó ẹja kúrò nínú fíríísà láti wá àyè ló rí ìkẹfà, nísàlẹ̀ pátápátá, tí yìnyín ti bò ó funfun. Ó fi àtàǹpàkò nù ún. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, igi rẹ̀ sì dúró ṣánṣán láàárín. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣe é, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí tí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó dì í mú títí ọwọ́ fi ń ta á, kó tó dá a padà sábẹ́ ẹja.

Nígbà tí oòrùn mú jù, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀ ní òpópónà kejì, yà wọlé. Ó bá a níbi tó tún ti ki orí bọ fíríísà.

“Ọkọ wa,” ó ní, “ṣé adìyẹ ló ń yé síbẹ̀ ni, tí ẹ fi ń ṣọ́ ọ?”

Ó tọ́ èyí tó kù nínú abọ́ wò, ó sì fún ojú pọ̀. Ó ní ṣúgà tó pọ̀ tó báyìí kò ní jẹ́ kó dì bọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn tí wọ́n sì ń ṣí lemọ́lemọ́ kò ní jẹ́ kó dì rárá. Ní ti igi, ó ní ẹ̀gbọ́n òun kì í tì í bọ̀ ọ́ àfi bí omi èso náà bá ti kọ́kọ́ ki díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí tirẹ̀ fi ń dúró. Ó wá béèrè bóyá kò wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é rí ni, ní odindi ọdún mọ́kànlélógójì. Bàbá Aláago ti jẹ ẹ́ o, iye ìgbà náà kò ṣeé kà. Kò rántí pé òun wò ó.

Mọ́tò dúró níta nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Oníbèéèrè ni ìyá àgbà máa ń pe ọmọ náà, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ṣùgbọ́n lónìí, ìbéèrè kan péré ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó wọlé dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó dúró síbẹ̀, ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

“Yìnyín náà dà?”

Bàbá àgbà ṣí fíríísà. Omi tó ki bí ẹ̀kọ mímu ló wà nínú ike márààrún, àwọn igi sì sùn káàkiri. Ó gbọ́ tí ọmọbìnrin rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ró lọ́wọ́ rẹ̀. Ètè ọmọ kékeré ti ń gbọ̀n.

Ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó tún ṣí i. Ó gbé ẹja sókè, ó mú ike kẹfà jáde.

Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ló fi fún ike náà títí ohun tó wà nínú rẹ̀ fi tú. “Ìyá àgbà ló ṣe èyí,” ó ní. “Òun nìkan ló kù.”

Ọmọbìnrin rẹ̀ ní kó jọ̀ọ́, kó tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ti jọ̀wọ́ aṣọ ìyá rẹ̀. Ó wọlé, ó gun orí àga tó kọjú sí fèrèsé, ó gbà á, ó sì lá a. Ojú rẹ̀ méjèèjì pa dé, gbogbo ara rẹ̀ gbọ̀n.

“Bàbá àgbà, ó kan. Ẹ ò fi ṣúgà sí i.”

Ó sọ fún un pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé ìyá àgbà kì í gbàgbé ṣúgà. Ọmọ náà nà án sí i. Ó lá a. Kíkan rẹ̀ mú un ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sí ṣúgà níbẹ̀ rárá.

Lójijì ló rí i. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni oògùn ti ba ahọ́n ìyàwó rẹ̀ jẹ́, tí gbogbo oúnjẹ dà bí omi lẹ́nu rẹ̀. Ó mú ṣíbí wá bá a nídìí tábìlì iṣẹ́. “Ẹ bá mi tọ́ ọ wò,” ló wí. “Ẹnu mi ò mọ adùn mọ́.” Aago oníbàárà kan wà níwájú Bàbá Aláago, ó fi ẹ̀mú di nọ́ọ̀tì kan tó kéré bí hóró iyanrìn mú, kò fẹ́ kó bọ́. “Ó dùn,” lòun wí. Kò tọ́ ọ wò, kò tilẹ̀ gbé orí sókè. Ìyàwó rẹ̀ dúpẹ́, ó padà lọ, ó bù ú sínú ike mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àwọn ọmọ àdúgbò jẹ márùn-ún. Gbogbo wọn ló wá dúpẹ́.

“Bàbá,” ni ọmọbìnrin rẹ̀ pè é, “kí ló dé?”

Ó ní kò sí. Ó fa àga kejì, ó jókòó. Ó lá a lẹ́ẹ̀kan sí i, ó nà án sí ọmọ, ọmọ lá a, ó nà án padà. Bí ojú rẹ̀ ti ń rún ni ọmọ ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ń béèrè bóyá ó ṣì kan, bàbá àgbà ń ní ó ṣì kan. Báyìí ni wọ́n ṣe jẹ ẹ́ títí ó fi ku igi.

Oníbèéèrè nu ẹnu. Ó wo fíríísà. “Àwọn tó kù ńkọ́? Ta ló ṣe wọ́n?”

“Èmi ni.”

“Ṣé ó dùn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni” ti wà lẹ́nu bàbá àgbà. Ó gbé e mì. Ó dìde, ó fi ṣíbí bu díẹ̀ nínú ike kan, ó gbé e síwájú ọmọ náà, ó sì padà jókòó.

“Tọ́ ọ wò,” ó ní, “kí o sọ fún mi.”

Ó ká ọwọ́ sórí tábìlì. Ó gbé orí sókè, ó sì ń wo ẹnu ọmọ náà.