Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n

Ìjọ wa ní Ìkòsì kò tíì rí olórí obìnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n bíi tèmi. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ yàn mí nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín.

Ọdún 2004 ni. Wọ́n ní kí n jáde wá ka ìkéde lásán. Bí mo ṣe dojú kọ èrò, àyà mi ń lù kì kì kì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ohùn há mi lọ́fun, orúnkún mi sì yẹ̀. Kí n tó délẹ̀, ariwo halelúyà ti gba gbogbo ilé. Wòlíì ní Ẹ̀mí ti bà lé mi. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti so àmùrè búlúù ti olórí ẹgbẹ́ aládùúrà mọ́ mi níbàdí, èmi Adébísí aránṣọ, wọ́n sì ń pè mí ní Mummy Àdúrà.

Ṣé kí n ní mi ò fẹ́ ni? Ta ni kì í fẹ́ iyì? Ṣùgbọ́n gbogbo Ọjọ́rú tí mo bá fẹ́ darí àdúrà ni ara mi ń tún ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni oúnjẹ kò ti ní wọlé mọ́. Oorun di àwátì. Ọkọ mi, tó ń ta páàtì mọ́tò ní Owódé Onírin, rò pé ààwẹ̀ ni mo ń gbà, ó sì ń fi mí yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Dorothy, nọ́ọ̀sì tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa ní Kétu, ló bá mi lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan, mo di àyà mú, mo ń mí hẹlẹ. Mo ní Ẹ̀mí ló bà lé mi.

"Aunty, ẹ̀rù ló ń bà yín o. Kì í ṣe Ẹ̀mí kankan. Anxiety ni, ó ń ṣe people gan-an. Ẹ máa fara balẹ̀ jàre."

Ó kọ́ mi bí mo ṣe lè máa rọra mí èémí síta, kí n fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ dáadáa, kí n wá ojú ẹnì kan ṣoṣo tí n ó máa bá sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Mo ń fi dánra wò nídìí máṣíìnì mi. Díẹ̀díẹ̀, ó mọ́ mi lára.

Ayé mi yí padà. Mo ń jẹun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun! Mo ń dúró níwájú ìjọ, ohùn mi ń jáde ketekete. Mo parí ìjà tó ti pẹ́ láàárín àwọn obìnrin ẹgbẹ́, mo ń bẹ àwọn tí ara wọn kò yá wò. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo mọ̀ pé olórí ni mí lóòótọ́.

Àwọn ará ìjọ ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Sista Success, igbákejì mi, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta: "Power ti kúrò lára Mummy. Bíi tíṣà ni wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀."

Wòlíì pè mí sí kọ̀rọ̀. "Ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ ṣẹ̀, tí Ẹ̀mí fi fi yín sílẹ̀?"

"Bàbá, ara mi ló yá."

Ó wò mí bí ẹni ń wo olè. Ó ní tó bá di Ọjọ́rú, òun á tú àmùrè náà, òun á so ó mọ́ Success.

Lọ́jọ́ náà, mo pinnu láti sọ òtítọ́ fún ìjọ kí wọ́n tó tú u. Mo dìde. Mo wá ojú kan tí n ó bá sọ̀rọ̀, kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín sí mi. Ni mímí bá di wàhálà. Ọwọ́ mi tún ń gbọ̀n.

"Ẹ̀rù ló ń bà mí!" mo kígbe. "Àìsàn ni! Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, àìsàn ni!"

"Halelúyà!" Wòlíì fò sókè. "Ẹ̀mí ti padà! Ẹ gbọ́ o, ó ní àìsàn wà láàárín wa. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn, kó jáde!"

Wọ́n ya jáde. Success ló ṣáájú, ó di ikùn mú, ó kúnlẹ̀ síwájú mi. Mo ń mirí pé rárá, wọ́n ń ṣe àmín. Wòlíì fún àmùrè náà mọ́ mi níbàdí títí ó fi ń dùn mí, ó sì gbé ọwọ́ mi lé Success lórí. Bí ọwọ́ náà ṣe ń gbọ̀n sí i ni àmín ń pọ̀ sí i. Inú bí mi débi pé mo bú sẹ́kún. Wọ́n ní ẹkún ayọ̀ ni.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, mo gbé ẹ̀bà síwájú ọkọ mi, n kò lè fọwọ́ kan tèmi.

"Ẹ kú ààwẹ̀ o, Mummy Àdúrà," ló wí, inú rẹ̀ ń dùn.