Àbàwọ́n Tó Bo Ojú Àwẹ̀ró

Mo ń wa kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń dán ọkàn wò nílé ìwòsàn lọ, òun kò sì kúrò lójú kan. Wáyà mẹ́fà ni nọ́ọ̀sì lẹ̀ mọ́ àyà mi. Ẹ̀rọ kan ń kọ lílù ọkàn mi sórí bébà. Bébà náà gùn dé ẹnu ọ̀nà, ó yà sápá òsì, ó ń lọ.

Àwẹ̀ró, ìyàwó mi, jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú mi. Mo rí ọwọ́ rẹ̀. Mo rí ìró rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni n kò rí. Ó ti di ọdún méjì tí àbàwọ́n dúdú kan ti wà láàrin ohunkóhun tí mo bá wò. Dókítà ní àrùn àgbà ni.

Láṣebìkan, àbúrò mi, wọlé, ó jókòó tì í. Ó ti kú láti ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn.

“Ẹ káàbọ̀, Adúmáadán,” ni Àwẹ̀ró wí.

Orúkọ tó sọ ọ́ nìyẹn lọ́jọ́ tí a gbé e níyàwó, nítorí ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Gbogbo ilé ló fún lórúkọ. Ajá pàápàá ní tirẹ̀. Èmi kò ní. “Ẹ̀yin” ni mò ń jẹ́ títí a fi bí Morádéun, mo wá di Bàbá Morádéun.

Mo túbọ̀ tẹ kẹ̀kẹ́ náà.

“Ọkàn yín fo lílù kan,” ni ẹ̀rọ wí.

Bó ti fò, àbàwọ́n náà ṣí bí ọmọrí ìkòkò. Mo rí àgbọ̀n Àwẹ̀ró. Ọkàn mi tún lù, àbàwọ́n náà padé.

“Kí ló pa ojú àti ọkàn pọ̀?” ni mo bi ẹ̀rọ.

“Odò kan náà ni wọ́n ti ń pọnmi.”

Nọ́ọ̀sì ní, “Baba, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Bó bá fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, kò ní lù mọ́.”

Mo ní mo gbọ́. N kò sọ̀.

Yàrá náà ti di àgbàlá bàbá wa.

“Adúmáadán, ṣé wọ́n ṣì ń wà á?”

“Bọ̀dá mi ń wà á, ìyàwó wa. Ẹsẹ̀ wọn ti dà bíi pòròpórò àgbàdo.”

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. “Ẹ purọ́ díẹ̀ fún mi. Ẹ ní wọ́n sanra.”

“Wọ́n sanra. Kẹ̀kẹ́ ń sunkún.”

Mo fẹ́ rí irú ojú tó fi ń wo Láṣebìkan. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́. Mo tẹ kẹ̀kẹ́. Ọkàn mi fò, mo rí àgbọ̀n rẹ̀. Ó tún fò, mo rí ẹnu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì di apá mi mú. Mo já a gbà. Ó fò lẹ́ẹ̀kẹta. Àbàwọ́n ṣí pátápátá.

Láṣebìkan kọ́ ni Àwẹ̀ró ń wò. Èmi ló kọjú sí. Àbàwọ́n dúdú wà nínú ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, ó tóbi ju tèmi lọ. Kò rí mi.

Owú ṣì ń jẹ mí. Ojú àbúrò mi ló fi ń rí mi.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Nǹkan kan kò lù ní àyà mi. Mo ní kí Láṣebìkan dìde. Ó dìde láìjiyàn, bó ṣe máa ń ṣe, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, níbi tí a sin ín sí. Mo fẹ́ jókòó sí àyè rẹ̀. Erùpẹ̀ pupa ẹ̀kúnwọ́ kan ló kù níbẹ̀, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́.