Irun Mi Tí Wọ́n Pín Sí Méjì

Màámi, ẹ má tíì bá mi sọ̀rọ̀, inú ń bí mi sí yín. Ẹ ò ṣeun rárá lójú àlá mi!

Mo jókòó síwájú tísà bàọ́lójì wa, wọ́n ń tú irun mi. Irun náà rí bíi DNA inú ìwé wa, okùn méjì tó lọ́ mọ́ra. Wọ́n tú wọn sọ́tọ̀, wọ́n sì ń lọ́ okùn tuntun mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo ṣe wo ẹ̀gbẹ́ mi, ọmọ kan ti jókòó tì mí, ojú mi ló gbé wọ̀, ìdajì irun mi ló wà lórí rẹ̀!

Mo ní, “Mà, ta ló ní kí ẹ pín irun mi?”

Wọ́n ní, “Sẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ di méjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà DNA rẹ̀. Okùn àtijọ́ kan, okùn tuntun kan, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yín.”

“Èwo wá ni èmi gan-an?”

“Ẹ̀yin méjèèjì.”

Ni ẹ̀yin Màámi bá wọlé. Ẹ pe orúkọ mi, àwa méjèèjì dáhùn. Mo ní kí ẹ lé e jáde, pé èmi lẹ bí. Ohun tí òun náà sọ nìyẹn, pẹ̀lú irú ẹkún tí mo ń sun gan-an. Ẹ wá ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní, “Ọlọ́run ti fi ìbejì ta mí lọ́rẹ!”

Yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í fún láàárín wa bí àpò tí wọ́n fi okùn so níbàdí, ó fẹ́ di méjì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ dúró sí. Mo pariwo, “Màámi, èmi nìyí!” Òun náà pariwo bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lẹ dì mú, mo bá jí.