Irin Ìgbẹ́sẹ̀lé Àbíkẹ́

Ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìtàn alùpùpù kan ni mo fẹ́ sọ fún yín. Kò gùn, ẹ lè máa bó ẹ̀pà yín lọ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

"Sàníù, ṣé o ń gbọ́ mi?"

Mùnírù jórinjórin ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà páànù rẹ̀ ní Mọ́níyà, ní ọdún kẹrin lẹ́yìn òmìnira. Ó ti tú alùpùpù Sàníù palẹ̀. Táyà wà lọ́tọ̀, ẹ́ńjìnnì wà lọ́tọ̀. Férémù ló kù, irin tó gbé gbogbo yòókù ró, ó nà sílẹ̀ bí eegun ẹran tí wọ́n ti jẹ tán.

"Mo gbọ́," ni Sàníù wí. Adìẹ kan tó ń fi eruku wẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ló ń wò.

"Ó ti sán. Wò ó níbí. Ibi ihò yìí ló ti bẹ̀rẹ̀. Aláìmọ̀kan wo ló lu ihò sára férémù?"

"Èmi ni."

Mùnírù rọra gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó rántí ẹni tí wọ́n lu ihò náà fún.

Àgbẹ̀ ni Sàníù, ará Ìrókò. Àbíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kì í la ẹsẹ̀ gun alùpùpù. Ẹ̀gbẹ́ ló ń jókòó sí nítorí ìró tó máa ń ró mọ́dìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì a sì máa rọ̀ dirodiro. Ni Sàníù bá fọwọ́ ara rẹ̀ lu ihò, ó de irin pẹlẹbẹ kan síbẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ lè rí ibi gbé ẹsẹ̀ lé. Nígbà òjò, ibà mú Àbíkẹ́. Ọjọ́ kẹta, wọ́n sin ín. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó jókòó sẹ́yìn Sàníù mọ́.

Kò sunkún níbi ìsìnkú. Ó ń lọ sóko, ó ń bọ̀. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, a jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá gbàgbé iyọ̀, kì í mọ̀. Mùjíbátù ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méje, ti wà lọ́dọ̀ ìyá Àbíkẹ́ ní Ìyànà Ọ̀fà láti ìgbà náà. Sàníù ní òun ń bọ̀ wá mú un. Ó ti di oṣù márùn-ún.

Mùnírù fi aṣọ nu ọwọ́. "Bí mo bá jó o pọ̀, á gbé ìwọ nìkan. Ìwọ nìkan o! Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá jókòó sẹ́yìn rẹ, á já sí méjì lójú títì. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àmọ́ férémù kan nìyẹn lára ògiri. Ti tíṣà kan ni. Ó le koko, torí tíṣà náà kì í sáré: ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó tún bẹ̀rù ìyàwó rẹ̀."

Sàníù kò rẹ́rìn-ín. "Jó o pọ̀. Bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni kó wà."

"Kó wà bí ó ṣe wà kẹ̀?" Mùsílímátù nìyẹn, ẹ̀gbọ́n Sàníù, tó ti ọjà yà wá, agbọ̀n ata rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Kí o lè máa dá gùn ún kiri? Ó dáa. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí ọmọ rẹ ń bi ìyá ìyá rẹ̀? Ó ní ṣé bàbá òun náà ti kú ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́."

"Mo gbọ́, mo gbọ́, bí odídẹrẹ́! Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìwọ kò sunkún, o kò sì ríran."

Mùnírù yíjú, ó ń wá ohun tí kò sọnù nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

Sàníù lóṣòó ti férémù náà. Gìgísẹ̀ bàtà Àbíkẹ́ ti ha ọ̀dà ara irin pẹlẹbẹ náà tán, ojú ibẹ̀ ń dán. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé e. Irin náà tutù. Ó dúró bóyá nǹkan kan yóò ṣe òun nínú. Nǹkan kan kò ṣe é.

"Gbé ti tíṣà yẹn sọ̀kalẹ̀," ni ó wí nígbẹ̀yìn.

"Ó dáa." Mùnírù gbé e sọ̀kalẹ̀. "Irin pẹlẹbẹ yìí ńkọ́? Ṣé kí n jù ú nù?"

"Rárá. Dè é mọ́ ọn. Má lu ihò o, fi irin há a ni." Ó tún wo irin pẹlẹbẹ náà. "Gbé e sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Kó tó ibo?"

Sàníù ronú títí. Kò mọ̀ ọ́n. Ó gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ Mùjíbátù… ibo ló gùn dé báyìí?"

Mùsílímátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kan ara férémù tíṣà náà. Mùnírù sì fi ẹfun sàmì síbẹ̀.

Mùsílímátù ló sọ èyí fún Mùjíbátù. Mùjíbátù ló sọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ tí mo bá irin pẹlẹbẹ kan nísàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀, tí mo ní kí ló ń fi ṣe. Òun ni ìyá tó bí mi.